Èéfín tí aboyún ń fà símú ní Àkúrẹ́ àti ìdàgbà ọmọ inú rẹ̀

Kété tí ọmọ tuntun bá ti ké ni àwọn agbẹ̀bí máa ń gbé e sórí ìwọ̀n, nítorí pé ohun tí ìwọ̀n náà bá sọ ni wọn yóò fi mọ irú ìtọ́jú tí ọmọ náà nílò láti wákàtí àkọ́kọ́. Ọmọ tí kò bá tó kílò 2.5 ni àwọn oníṣègùn kà sí ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré, èyí tí wọ́n bá sì bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37 ni wọ́n kà sí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, àti àjọ UNICEF ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020 nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 19.8 ọmọ ni wọ́n bí lágbàáyé tí ìwọ̀n wọn kò tó kílò 2.5. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tètè máa ń kó àrùn, òtútù tètè máa ń mú un, ó sì lè ṣòro fún un láti fa ọmú dáadáa. Bí ó bá sì yè é tó dàgbà, ewu ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn ga fún un ju ti ẹni tí a bí pẹ̀lú ìwọ̀n tó péye lọ.

Bí ìyá ọmọ bá bi àwọn nọ́ọ̀sì ní Àkúrẹ́ léèrè ohun tó fà á, ìdáhùn tí yóò gbọ́ kò ṣàjèjì: ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru nígbà oyún, àìjẹun dáadáa, iṣẹ́ àṣekúdórógbó, oyún ìbejì. Òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ̀rí rẹ̀ ti pọ̀ jọ láti ọdún pípẹ́, tí a kì í sábà bi aboyún nípa rẹ̀ nígbà tó bá wá gba káàdì, ìyẹn ni irú afẹ́fẹ́ tó ń mí símú láti ìgbà tó ti lóyún. Èyí ni mo fẹ́ ṣàlàyé níbí, nítorí pé ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, èéfín tó ń wọ imú aboyún kì í wá láti ibi kan ṣoṣo, agbára òun nìkan kò sì lè ká a.

Ohun tí ojú ń rí nínú èéfín kọ́ ló léwu jù nínú rẹ̀. Eruku tó hàn, èyí tó ń mú ni sín, tó sì ń bà lé aṣọ tí a sá, imú àti ọ̀fun máa ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró. Èyí tó ń kọjá ni àwọn onímọ̀ ń pè ní PM2.5, àwọn ẹyọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí fífẹ̀ irun orí kan fi nǹkan bí ìlọ́po ọgbọ̀n jù ú lọ. Wọ́n máa ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ títí dé ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn tó kéré jù nínú wọn a sì bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Igi ìdáná, èédú, kẹrosíìnì, dísù, pẹtiróòlù, ike àti táyà tí a ń sun, gbogbo wọn ló ń tú u jáde. Ní ọdún 2021, WHO dín òdiwọ̀n tó fọwọ́ sí kù, ó ní kí PM2.5 má ju máíkírógíráàmù 5 (ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù ni máíkírógíráàmù kan) lọ nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan ní ìpíndọ́gba ọdún, kí ó má sì ju 15 lọ ní ìpíndọ́gba ọjọ́ kan. Àjọ kan náà ló sọ pé nínú ilé ìdáná tí èéfín kì í ráyè jáde, ẹyọ yìí lè fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ju ohun tó yẹ lọ.

Aboyún kì í sì í mí bí ẹni tí kò lóyún. Ẹni méjì ni ara rẹ̀ ń bọ́, nítorí náà, afẹ́fẹ́ tó ń gbà wọlé ní ìṣẹ́jú kan lè fi ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí òun àti àbúrò rẹ̀ tí kò lóyún bá jọ jókòó ti ààrò kan náà, ohun tí yóò wọ inú tirẹ̀ ni yóò pọ̀ jù.

Ọ̀nà tí èéfín yìí ń gbà dé ara ọmọ ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀kan ni ti carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, tí kò sì ní àwọ̀, tó ń jáde láti inú èédú, igi tí kò jóná tán àti jẹnẹrétọ̀. Àwọn ará wa mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa láti inú ìròyìn àwọn tó tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn tí wọn kò sì jí mọ́. Ohun tó ń ṣe ni pé ó máa ń dì mọ́ èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gbé oxygen káàkiri ara, ó sì ń dì mọ́ ọn pẹ̀lú agbára tó fi ìlọ́po tó lé ní igba ju ti oxygen lọ. Bí kò bá tiẹ̀ pọ̀ tó láti dá ìyá lágara, ó ṣì lè pọ̀ tó láti máa dín oxygen tó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ kù lójoojúmọ́, pàápàá nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú oyún máa ń di afẹ́fẹ́ olóró yìí mú ju ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ lọ.

Ọ̀nà kejì gba inú olóbì. Olóbì ni oúnjẹ àti oxygen ń gbà kọjá láti ara ìyá sí ara ọmọ, ibẹ̀ náà sì ni ìdọ̀tí ara ọmọ ń gbà jáde. Nígbà tí PM2.5 bá wọ ara ìyá, ara náà yóò dìde sí i bí ìgbà tó ń bá àrùn jà. Inú òpó ẹ̀jẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí wú, kí ọ̀nà rẹ̀ fún, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ìyá ga, kí ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí olóbì sì dín kù. Ọmọ tí oúnjẹ rẹ̀ bá ń wá díẹ̀díẹ̀ kò ní kú dandan, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí igi kòkó tí omi kò tó nídìí rẹ̀ ṣe máa ń so wẹ́wẹ́, ibi tí oúnjẹ náà bá gbé e dé ni yóò dàgbà mọ. Ní àwọn ìgbà mìíràn, wàhálà tó wà nínú ara ìyá yìí lè mú kí ìrọbí bẹ̀rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà tẹ́lẹ̀ pé olóbì máa ń dá irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ dúró kí ó má dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Hasselt, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, fi hàn pé ẹyọ èéfín dúdú wà nínú olóbì ní ìhà tó kọjú sí ọmọ, àti pé bí afẹ́fẹ́ àdúgbò tí ìyá ń gbé bá ṣe bàjẹ́ tó ni iye ẹyọ náà ṣe pọ̀ tó. Ní ọdún 2022, àwọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Aberdeen, ní Skọ́tílándì, rí irú ẹyọ kan náà nínú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ ọmọ inú oyún, àní nínú oyún tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ. Bẹ́ljíọ̀mù àti Skọ́tílándì kì í ṣe ibi tí obìnrin ti ń fi igi dáná lójoojúmọ́. Èéfín tó wà nínú afẹ́fẹ́ ìta, bíi ti ọkọ̀ àti ti ilé iṣẹ́, ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀.

Báwo wá ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe tóbi tó? Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ láti yunifásítì California ní San Francisco àti yunifásítì Washington, ní Amẹ́ríkà, kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, wọ́n sì rí i pé bí PM2.5 tí aboyún ń fà símú bá fi máíkírógíráàmù 10 lé sí i, ìwọ̀n ọmọ máa ń fi nǹkan bíi gíráàmù 22 dín kù, ewu kí ọmọ má tó kílò 2.5 a fi ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ewu kí oṣù ọmọ má pé a sì fi ìdá 12 pọ̀ sí i. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019, nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.9 ọmọ tí oṣù wọn kò pé àti mílíọ̀nù 2.8 ọmọ tí ìwọ̀n wọn kéré ni ìbàjẹ́ afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn, àti pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ewu náà ló ti inú ilé wá, láti ìdí ààrò.

Ẹnì kan lè ní kí ni gíráàmù 22 jámọ́ lára ọmọ oní kílò mẹ́ta. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ jámọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n PM2.5 tó ń bẹ nínú ilé ìdáná wa kì í fi mẹ́wàá péré ju ohun tó yẹ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpalára rẹ̀ kì í máa gòkè ní ìṣirò kan náà títí. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ní ẹran ara tó lè fi ṣòfò. Ọmọ tí ibà ti jẹ oúnjẹ rẹ̀ nínú olóbì, tí ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ kò tó, tó sì ń lọ ní etí kílò 2.5, ni èéfín máa ń tì kọjá sí òdìkejì.

Ẹ̀rí kan wà tó wú mi lórí ju gbogbo ìṣirò wọ̀nyí lọ, nítorí pé ó fi hàn pé bí afẹ́fẹ́ bá mọ́, ọmọ á fi ara hàn. Nígbà tí ìlú Beijing, ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, fẹ́ gba àlejò ìdíje Olympics ní ọdún 2008, ìjọba ti àwọn ilé iṣẹ́ kan pa, wọ́n sì dín ọkọ̀ kù lójú pópó fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àwọn olùwádìí yẹ ìwé ìbí tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin wò, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ tí oyún wọn wà ní oṣù kẹjọ lákòókò náà fi gíráàmù 23 wúwo ju àwọn tí wọ́n bí ní àkókò kan náà ní ọdún 2007 àti 2009 lọ. Kì í ṣe pé àwọn ìyá náà pààrọ̀ ààrò wọn. Ìlú ló mọ́.

Ní Àkúrẹ́, iná tó yí aboyún ká kì í ṣe ọ̀kan. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé, ọ̀pọ̀ ìdílé tó ti ń lo gáàsì ló tún ti padà sídìí èédú nígbà tí owó gáàsì gbẹ́nu sókè, tí wọ́n sì gbé sílíńdà sábẹ́ ibùsùn títí ọjọ́ tí ọwọ́ yóò tún tẹ owó. Nínú àwọn ilé onípáséèjì tí yàrá mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ti kọjú síra wọn ní Ìsinkàn, ní Arákàlẹ̀ àti ní Òkè-Ìjẹ̀bú, ẹni tó ń lo gáàsì àti ẹni tó ń fẹ́ èédú jọ ń mí afẹ́fẹ́ kan náà ni, nítorí pé èéfín tó bá ti wọ páséèjì kì í bèèrè yàrá ẹni tó dá a. Kẹrosíìnì tí àwọn kan ń sá lọ bá kò sì dára jù, nítorí láti ọdún 2014 ni WHO ti ní kí àwọn ènìyàn yé fi dáná nínú ilé.

Lẹ́yìn ti ilé ni ti ibi iṣẹ́. Obìnrin tó ń yan gàrí máa ń jókòó ti agbada fún wákàtí pípẹ́, tí iná igi ń rú sí i lójú láti ìsàlẹ̀, tí ooru gàrí sì ń rú láti òkè, kò sì wọ́pọ̀ kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí pé ó lóyún, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí yóò fi ra aṣọ ìkókó ni ó ń wá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn tó ń din àkàrà ní ìdájí, àwọn tó ń se epo pupa ní agbègbè Òkìtìpupa, àti àwọn ìyá tó ń yan ẹja ní Ìgbọ́kọ̀dá, tí wọ́n ń fi èéfín ṣe iṣẹ́ nítorí pé èéfín gan-an ni kì í jẹ́ kí ẹja náà bàjẹ́. Ẹni tó kàn fẹ́ lọ ata ní Ọjà Ọba yóò dúró ti ẹ̀rọ tó ń lo dísù títí yóò fi kan òun, ẹni tó ni ẹ̀rọ náà yóò sì wà níbẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ní alẹ́, bí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ kéékèèké a bẹ̀rẹ̀ sí dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ti ẹlòmíràn sì ni ó sábà máa ń sún mọ́ yàrá ẹni jù.

Níta, wọ́n ń sun ìdọ̀tí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú ọ̀rá àti ike inú rẹ̀, àwọn tó ń la pákó a máa dáná sun ìyẹ̀fun pákó tó ti ga bí òkìtì, bí ààtàn ńlá ojú ọ̀nà Ìgbátòrò bá sì mú iná, àwọn tó ń gbé lápá ibẹ̀ ni yóò máa mí i. Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì ni ọyẹ́ máa ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá bá wa láti ìhà Chad, ìgbà náà gan-an sì ni àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ ń dáná sungbó. Ní Ìlàjẹ, wọ́n tún ní ti epo rọ̀bì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, kànga epo kan tí wọ́n ń pè ní Ororo-1 bú gbàmù lójú òkun ní ìtòsí Àwóyè, ó sì gbiná, iná náà kò sì kú bọ̀rọ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2020 kan náà láti Texas, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ní àárín àwọn aboyún tó ń gbé ní kìlómítà márùn-ún sí ibi tí wọ́n ti ń sun gáàsì epo rọ̀bì léraléra, ìṣeéṣe kí ọmọ dé kí oṣù rẹ̀ tó pé fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti àwọn tí irú iná bẹ́ẹ̀ kò sí nítòsí wọn lọ.

Ìwádìí tó sún mọ́ wa jù lórí ohun tí a lè ṣe sí ààrò ni èyí tí àwọn onímọ̀ láti yunifásítì Chicago àti yunifásítì Ìbàdàn jọ ṣe ní Ìbàdàn, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Christopher Olopade. Aboyún 324 tó ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì láìṣa ẹnikẹ́ni yàn. Apá kan gba sítóòfù tó ń lo ẹ́tánọ́ọ̀lù (irú ọtí kan tí a lè fi dáná), apá kejì ń bá ohun tí wọ́n ń lò lọ. Nígbà tí oyún fi sún mọ́ ìbí, ìdá 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lo igi tàbí kẹrosíìnì ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n láàárín àwọn tó ń lo ẹ́tánọ́ọ̀lù, ìdá 1.9 péré ni. Àbájáde ti ìbí jáde ní ọdún 2018: lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ àwọn ohun mìíràn tó lè da ìṣirò rú kúrò, ọmọ àwọn tó ń lo ẹ́tánọ́ọ̀lù fi gíráàmù 128 wúwo ju ti àwọn yòókù lọ, oyún wọn sì pẹ́ dé ọ̀sẹ̀ 39.2 ní ìpíndọ́gba, nígbà tí ti àwọn yòókù jẹ́ 38.2. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko nínú oyún kì í ṣe ohun kékeré.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọn afẹ́fẹ́ tí àwọn obìnrin náà ń fà símú, ìyàtọ̀ tó wà láàárín apá méjèèjì kò hàn kedere. Àwọn olùwádìí náà ní ó lè jẹ́ nítorí àyípadà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò, àti nítorí pé afẹ́fẹ́ ìta ní Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́ púpọ̀. Èyí kò jẹ́ kí a lè fi gbogbo ẹnu sọ pé afẹ́fẹ́ mímọ́ nìkan ló mú àwọn ọmọ náà wúwo. Síbẹ̀, ó sọ ohun kan nípa irú ìlú tí a ń gbé: a lè pààrọ̀ ààrò obìnrin kan, kí èéfín aládùúgbò, ti ọkọ̀ àti ti ààtàn máa wọlé tọ̀ ọ́ wá.

Ìwádìí ńlá mìíràn lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n ń pè ní HAPIN, kò tilẹ̀ rí ìyàtọ̀ gidi nínú ìwọ̀n ọmọ rárá. Nǹkan bí aboyún 3,200 ní Íńdíà, Guatemala, Peru àti Rùwáńdà ni wọ́n kó jọ, wọ́n fún ìdajì wọn ní sítóòfù gáàsì àti gáàsì ọ̀fẹ́, nígbà tí àbájáde sì jáde ní ọdún 2022, ìpíndọ́gba ìwọ̀n ọmọ jẹ́ gíráàmù 2,921 fún àwọn tó ń lo gáàsì àti 2,898 fún àwọn tó ń lo igi, ìyàtọ̀ tó kéré jù láti gbára lé. Bẹ́ẹ̀ PM2.5 tí àwọn onígáàsì ń fà símú jẹ́ bíi 24, nígbà tí ti àwọn tó ń lo igi jẹ́ bíi 71. Ìwádìí mìíràn ní Kintampo, ní orílẹ̀-èdè Gánà, láàárín aboyún 1,414, náà kò rí i pé gáàsì mú ọmọ wúwo sí i.

N kò ní fi àbájáde wọ̀nyí pamọ́ nítorí pé wọn kò bá ohun tí mo fẹ́ mu. Ohun tí mo rí nínú wọn ni pé ààrò nìkan, tí a pààrọ̀ lẹ́yìn tí oyún ti wọ ara, kò tó. Nínú ìwádìí HAPIN, àwọn aboyún náà ti lo ọ̀sẹ̀ 9 sí 20 kí gáàsì tó dé ọwọ́ wọn, a sì ti rí i láti Aberdeen pé ẹyọ èéfín lè ti dé ara ọmọ láàárín àkókò náà. 24 tí wọ́n sì bá a dé ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún òdiwọ̀n ọdún tí WHO fi lélẹ̀. Nítorí náà, kò dára kí a kàn sọ fún aboyún pé kí ó lọ ra gáàsì, kí a sì rò pé a ti ṣe tiwa. Ó tún burú jù kí a sọ ọ́ di ẹ̀bi rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá kéré. Èéfín tó wọ inú rẹ̀ ti ọwọ́ onílé, onímótò, àwọn tó ń sun ìdọ̀tí, ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn tó ń pèsè iná wá ju ti ọwọ́ tirẹ̀ lọ.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó kì í ṣe ibi tí a ti lè sọ pé ọ̀rọ̀ aboyún kò ká ìjọba lára rí. Ní ọdún 2009, lábẹ́ gómìnà Olúṣẹ́gun Mímíkò, tó jẹ́ dókítà fúnra rẹ̀, ètò Abíyè bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ bá aboyún nílé dípò kí wọ́n máa retí rẹ̀, wọ́n sì fún àwọn aboyún ní fóònù kí wọ́n lè pe òṣìṣẹ́ nígbàkúùgbà. Ní ọdún 2010 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́, níbi tí aboyún ti ń gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún mú àwọn ìyá abíwẹ́rẹ́ wọ inú ètò náà, kí wọ́n lè máa darí aboyún sí ilé ìwòsàn. Ikú ìyá lórí ìkúnlẹ̀ ni ètò náà dojú kọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ìyá ni ẹni tí a kọ́kọ́ fẹ́ gbóhùn rẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ èéfín ni pé òṣìṣẹ́ tó bá wọ ilé aboyún yóò fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí káàdì kò lè sọ. Yóò rí ibi tí ààrò wà. Yóò rí bóyá fèrèsé yàrá kọjú sí jẹnẹrétọ̀ ẹlòmíràn.

Àní nínú ilé ìwòsàn, ìbéèrè mẹ́rin kò ní gba ìṣẹ́jú méjì: “Ìyá, kí lẹ fi ń dáná? Níbo lẹ ti ń dá a? Irú iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe? Ta ló ń tan jẹnẹrétọ̀ nítòsí yàrá yín?” Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá fi hàn pé èéfín pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, tàbí tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń gòkè, ni ó yẹ kí wọ́n máa wọn ikùn rẹ̀ léraléra, kí wọ́n sì ṣọ́ ọmọ rẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, nítorí pé ẹrù tó wà lórí ọmọ náà ti di méjì tàbí mẹ́ta.

Nínú ilé, ohun tí owó kò tó láti ṣe pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí kì í gba owó púpọ̀. Kí ìdáná igi tàbí èédú bọ́ sí ìta gbangba, lábẹ́ bàràkà tí kò ní ògiri, ju kí ó wà ní páséèjì lọ. Kí igi gbẹ dáadáa kí a tó fi dáná. Kí a rẹ ẹ̀wà mọ́jú, kí a sì dé ìkòkò, kí iná má baà pẹ́. Kí a yé fi ọ̀rá àti ike ṣáná sí èédú, nítorí èéfín ike kún fún oró tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kí ẹlòmíràn nínú ilé, yálà ọkọ, àbúrò tàbí ìyá ọkọ, gba fífẹ́ iná àti yíyan gàrí lọ́wọ́ aboyún, pàápàá ní ìgbà tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn, tí èéfín rẹ̀ sì pọ̀ jù. Kí a gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé, kí ẹnu ọ̀nà èéfín rẹ̀ kọjú sí ìta, kí a má sì gbé èédú tó ṣì ń jó wọ yàrá nítorí òtútù ọyẹ́. Ìbòmú aláṣọ kò lè dá PM2.5 dúró dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má gbára lé e. Oògùn ẹ̀jẹ̀ àti ti ibà tí wọ́n ń fún aboyún kò lè lé èéfín lọ, ṣùgbọ́n wọ́n lè mú àwọn ẹrù mìíràn kúrò lórí ọmọ.

Ohun tó kù, ọwọ́ ìjọba àti ìlú ló wà. Kíkó ìdọ̀tí déédéé ni yóò mú kí àwọn ènìyàn yé sun ún, nítorí pé ẹni tí ọkọ̀ ìdọ̀tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ní gbọ́ ìwàásù. Àwọn tó ń yan gàrí àti ẹja nílò ààrò oníbọn tó ń gbé èéfín gba òkè lọ, irú èyí tí wọ́n lè jọ ní gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́, tí ìjọba ìbílẹ̀ sì lè bá wọn kọ́. Ẹ̀rọ tó ń wọn PM2.5 kò wọ́n bí ti àtijọ́ mọ́, bí ọ̀kan bá sì wà ní Ọjà Ọba, òmíràn ní ìhà Ìgbátòrò, òmíràn ní Ìgbọ́kọ̀dá, a ó mọ ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ burú, a ó sì mọ ohun tó fà á.

Ètò àkọ́kọ́ tí àwọn ilé ìwòsàn lè ṣe kò sì nílò ẹ̀rọ kankan. Obìnrin tó bá lóyún láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà ni oṣù mẹ́ta ìkẹyìn oyún rẹ̀, èyí tí ọmọ ń sanra jù nínú rẹ̀, yóò bọ́ sínú ọyẹ́ àti iná igbó. Bí wọ́n bá fi àmì sí káàdì àwọn wọ̀nyí láti oṣù Kẹsàn-án, tí wọ́n sì bẹ àwọn ọkọ wọn pé kí wọ́n bá wọn wọ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan, a ó ti gbé ààrò síta, a ó sì ti yí jẹnẹrétọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí ọyẹ́ tó dé.